Sísin Pẹ́pẹ́yẹ Ajẹ̀kiri Lágbàlá Ilé ní Èkó

Pẹ́pẹ́yẹ tó wọ́pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà ni èyí tí ojú rẹ̀ pupa, tí ẹran kókó-kókó yọ láti ìdí àgógó ẹnu rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ojú. Cairina moschata ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ní Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà ló ti sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e sọdá òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ọ̀sìn yòókù lágbàáyé, títí kan àwọn funfun tí àwọn ọmọdé ń rí nínú fíìmù, ìran ẹyẹ mìíràn ni wọ́n, ìyẹn Anas platyrhynchos. Ẹni tó bá fẹ́ sin pẹ́pẹ́yẹ nílé gbọ́dọ̀ mọ èwo lòun rà, nítorí ìwà wọn kò jọra. Ẹyin ìran kejì yìí máa ń pa ní ọjọ́ 28, ti olójú pupa máa ń tó ọjọ́ 35. Bí akọ ọ̀kan bá sì gun abo èkejì, wọ́n lè bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní lè bí òmíràn.

Fún àgbàlá tó wà ní Yábàá, Múṣin tàbí Sùúrùlérè, olójú pupa ló yẹ jù. Ariwo ni ìdí àkọ́kọ́. Abo ìran kejì a máa fi gbogbo ohùn ké, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìdájí. Níbi tí fèrèsé ayálégbé kan ti dojú kọ ti èkejì, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Abo olójú pupa kì í ju kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Akọ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ohùn igbe rárá; èémí ló máa ń tú jáde lọ́fun, tí yóò máa mi ìrù, tí yóò máa na ọrùn síwá sẹ́yìn. Ìdí kejì ni pé òróró tí ń bẹ ní ìdí ìrù rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn ìyókù, nítorí náà kì í fi gbogbo ọjọ́ wá odò tí yóò wẹ̀ kiri nínú rẹ̀. Bàsíà omi kan tó lè gbà á tó o. Ó ń jẹ koríko àti kòkòrò púpọ̀, ó sì mọ ẹyin rẹ̀ í sàba lé láìsí ẹ̀rọ. Àléébù rẹ̀ náà ń bẹ: ó ń fò dáadáa, èékánná rẹ̀ mú bí abẹ, akọ rẹ̀ sì tóbi. Akọ tó dàgbà lè wọn kílò 4 sí 5, nígbà tí abo kì í sábà ju ìdajì ìyẹn lọ.

Ní abúlé, jíjẹ̀ kiri túmọ̀ sí pé kí ẹyẹ jáde láàárọ̀, kó máa wá oúnjẹ rẹ̀ káàkiri oko àti ẹ̀bá odò, kó sì padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Ní Èkó, ìyẹn kò ṣeé ṣe. Pẹ́pẹ́yẹ tó bá jáde sójú títì ní Ìdí-Òrò ti di ti dánfó, ti kẹ̀kẹ́ Márúwá, tàbí ti ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ mú un. Jíjẹ̀ kiri tó bá ìlú yìí mu ni pé kí ẹyẹ ní òmìnira nínú ọgbà, ní wákàtí tí olówó rẹ̀ yàn fún un, lórí ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ ti yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ju ti adìyẹ inú kéèjì lọ, nítorí ohun tí irin kéèjì ń ṣe, ojú ènìyàn ni yóò máa ṣe é. Ẹni tó ń kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí tí kì í sì í padà títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò gbọ́dọ̀ dán an wò àfi bí ẹlòmíràn bá wà nílé.

Ilẹ̀ ni ìṣòro tó ṣáájú. Àwọn ilé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sí Sùúrùlérè láti 1955, fún àwọn tí wọ́n kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tí wọ́n ń wó ilé ibẹ̀, ní ààyè lẹ́yìnkùlé. Púpọ̀ nínú ààyè náà ni ṣọ́ọ̀bù àti ilé ọmọ-ọ̀dọ̀ ti gbà báyìí, èyí tó kù ni wọ́n sì ti fi kọnkéré tàbí intalọ́ọ̀kì bò. Pẹ́pẹ́yẹ kì í gbádùn ilẹ̀ líle. Ara rẹ̀ wúwo, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Bó bá ń bẹ́ sórí kọnkéré lójoojúmọ́, ojú egbò kékeré yóò ṣí, ìdọ̀tí yóò wọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì wú kókó. Ìwú yìí ṣòro í wò. Ọgbà tí kọnkéré ti bò nílò apá ibì kan tí wọ́n da yanrìn tàbí iyẹ̀pẹ̀ sí, ibi gbòòrò tí àwọn ẹyẹ yóò ti máa sinmi. Bí koríko bá wà, bó ti wù kó kéré tó, kí wọ́n pín in sí méjì, kí apá kan máa sinmi nígbà tí wọ́n ń jẹ èkejì, nítorí pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin lè sọ koríko tútù di ẹrọ̀fọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lásìkò òjò.

Kí wọ́n tó ra ẹyẹ rárá, ó yẹ kí onílé àti àwọn alábàágbé ti gbọ́, kí wọ́n sì ti gbà. Àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí pẹ́pẹ́yẹ nílé ènìyàn, ọkàn wọn a máa lọ sí ètùtù. Ọ̀rọ̀ àsọyé ṣáájú ló ń pa irú ìfura bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn alábàágbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí ni ìgbẹ́: ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ pọ̀, omi wà nínú rẹ̀, kì í yan ibi tí yóò bọ́ sí. Ibi tí gbogbo ilé ń gbà kọjá, iwájú ilé ìdáná àti abẹ́ okùn aṣọ kò gbọ́dọ̀ sí lára ibi tí ẹyẹ ti ń jẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo kò yẹ ní sísìn. Ẹyẹ agbo ni; bó bá dá wà, yóò máa pe ẹni tí kò sí. Abo méjì ló kéré jù. Bí akọ bá wà, kí abo mẹ́rin tàbí márùn-ún wà fún un, nítorí akọ tó ní abo kan péré yóò gùn ún títí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi re tán. Kí wọ́n má sì fi akọ pẹ́pẹ́yẹ sáàárín àwọn àgbébọ̀ adìyẹ. Akọ pẹ́pẹ́yẹ ní nǹkan ọkùnrin tí àkùkọ kò ní, ó sì lè ṣe abo adìyẹ léṣe títí dójú ikú.

Ní ọjà, kí olùrà fara balẹ̀ wo ẹyẹ nílẹ̀, kì í ṣe nígbà tí wọ́n dì í lẹ́sẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ojú tó mọ́ láìsí ìfófòó, ihò imú tí kò dí, ìyẹ́ ìdí tí ìgbẹ́ kò lẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ dọ́gba: ìwọ̀nyí ló ń sọ̀rọ̀ ìlera. Nítorí pé adìyẹ, tòlótòló, awó àti pẹ́pẹ́yẹ ń jẹun sún mọ́ra wọn lọ́jà, ẹyẹ tuntun kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ ti ilé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kéré jù tí yóò lò níbi ọ̀tọ̀, pẹ̀lú igbá omi ọ̀tọ̀, àwọn ti ilé ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú lójoojúmọ́ kí wọ́n tó kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ mọ̀ wọ́n, kí ó jẹ́ ọmọ kékeré ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin máa ń gba ohun àkọ́kọ́ tó rí tó ń rìn ní ìyá. Konrad Lorenz, ọmọ ilẹ̀ Austria tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, wà lára àwọn tó fi èyí yé ayé. Ọmọ tí ènìyàn tọ́ láti ọjọ́ kìíní yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn káàkiri ilé. Ìfẹ́ yìí dára, àmọ́ ó ní owó orí tirẹ̀: ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kì í lè fara mọ́ kí a fi í sílẹ̀, akọ tó sì dàgbà láàárín ènìyàn nìkan lè máa ka ènìyàn sí akẹgbẹ́ tí òun yóò bá jà. Bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta bá jọ dàgbà, wọn yóò mọ ènìyàn, wọn yóò sì tún mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ làwọn.

Mímú pẹ́pẹ́yẹ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí mímú adìyẹ. Wọn kì í fa ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ náà kò lágbára tó ìwúwo ara, oríkèé lè yẹ̀. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì pa ìyẹ́ apá rẹ̀ mọ́ ara, wọ́n á gbé àyà rẹ̀ lé apá, wọ́n á sì di ẹsẹ̀ mú kí èékánná má baà ya wọ́n lára.

Àgò tí wọn yóò máa sùn sí kò nílò ẹ̀ṣọ́, ààbò ló nílò. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 2 ní 3 fún ẹyẹ kan tó, bí wọ́n bá ń jáde lójoojúmọ́. Kí ilẹ̀ rẹ̀ ga ju ilẹ̀ ọgbà lọ ní ìlé búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì, torí ìkún omi Ìtirẹ̀, Àgùdà àti Ìwáyà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Omi bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ohun tó wà nínú sọ́kàwéè àti gọ́tà dání. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn òjò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú ìkún omi bẹ́ẹ̀. Ìdajì òkè ògiri àgò yẹ kó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì irin kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Nẹ́ẹ̀tì olójú ńlá tí wọ́n fi ń sé adìyẹ kò lè dá eku dúró. Èyí tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ ló dára. Kí igi pẹlẹbẹ kan wà tí wọn yóò máa bà lé, kó má ga ju orúnkún ènìyàn lọ, kí wọ́n má baà máa fò bọ́ sórí ẹsẹ̀ kíkan.

Ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú àgò ni èérún pákó tí àwọn káfíńtà fi ráńdà fá. Ó rọrùn í rí ní Mẹ́níláǹdì. Èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ló dára, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú tó jáde lábẹ́ ayùn. Lẹ́búlẹ́bú a máa wọ imú ẹyẹ, ọmọ kékeré a sì máa gbé e mì bí oúnjẹ. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Bí àgò bá ti ń ta imú ènìyàn bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ wo inú, ìtẹ́ náà ti pẹ́ jù. Èyí tí wọ́n bá kó jáde, bó bá ti jẹrà ní kọ̀rọ̀ ọgbà fún oṣù díẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewédú kì í kọ̀ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ṣe pàtàkì bí ìgbà tí wọ́n ń tì í. Òru àti kùtùkùtù òwúrọ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ sábà máa ń yé ẹyin. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ láago mẹ́fà, ìdí igbó ewé tàbí ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù ni ẹyin yóò bọ́ sí, tí eku yóò sì ṣáájú olówó rẹ̀ débẹ̀. Bí wọ́n bá dúró di nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, inú àgò ni wọn yóò ti kó o. Ní ìrọ̀lẹ́, pẹ́pẹ́yẹ kì í fúnra rẹ̀ wọlé bí adìyẹ títí wọn yóò fi kọ́ ọ. Ọ̀nà ìkọ́ni náà rọrùn: kí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ jẹ́ inú àgò nìkan, kó jẹ́ àsìkò kan náà, kí ohùn tàbí ìró agolo kan náà máa pè wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò ti tò lẹ́yìn ara wọn níwájú ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀kùn tí a kò tì lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń pa pẹ́pẹ́yẹ Èkó jù. Ajá, ológbò ìgboro, eku ńlá inú gọ́tà àti olè, òru ni gbogbo wọn mọ̀. Ti ọ̀sán ni àwòdì, tí kì í fi ojú sílẹ̀ lára ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ní ẹ̀bá ọ̀sà, láti Mákòkó dé Ìwáyà, awọ́nríwọ́n náà ń bẹ níbẹ̀.

Kí ẹyẹ má baà fò kọjá fẹ́ǹsì, wọ́n máa ń gé ìyẹ́ gígùn tó wà lẹ́nu apá kan, apá kan péré, kó lè máa dà sí ẹ̀gbẹ́ bó bá fẹ́ gbéra. Kò dùn ún, bí gígé èékánná ni. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tí ìdí rẹ̀ dúdú, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí sísọ́ọ̀sì bá kan án, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà. Ọdọọdún ni ìyẹ́ ń re tí tuntun ń hù, nítorí náà ọdọọdún ni iṣẹ́ yìí.

Omi ni pẹ́pẹ́yẹ fi ń ṣe ohun gbogbo. Igbá omi tó jinlẹ̀ tó láti ri gbogbo orí bọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ́n lọ́sàn-án, nítorí inú omi ni ẹyẹ yìí ti ń fọ ojú àti ihò imú rẹ̀. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ṣe, ojú rẹ̀ yóò máa lẹ̀. Bó bá ń jẹun, yóò já oúnjẹ, yóò sáré lọ mu omi, yóò tún padà. Oúnjẹ gbígbẹ láìsí omi nítòsí lè há a lọ́fun, nítorí náà níbi tí kò bá sí omi, kí oúnjẹ má ṣe sí níbẹ̀. Ti ìwẹ̀ yàtọ̀. Bàsíà ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tó, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù kan tí yóò fi gun inú rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó wọ omi tuntun kì í fi bò. Yóò ri orí bọ̀, yóò gbé e sókè lójijì kí omi lè ṣàn gba ẹ̀yìn. Yóò fi apá méjèèjì na omi títí ilẹ̀ yíká yóò fi tutù. Bó bá jáde, yóò gbọn ìrù, yóò yí ọrùn padà sí ìdí ìrù níbi tí òróró rẹ̀ wà, yóò fi àgógó àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbo ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa fi òróró náà ra ìyẹ́ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí lè gbà á ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣẹ́jú, òun ló sì ń jẹ́ kí òjò máa yọ̀ lára rẹ̀. Ẹyẹ tí kò rí omi wẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ yóò máa rí wúruwùru.

Omi bàsíà kì í pẹ́ dọ̀tí, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dà á nù, ìdí ẹ̀fọ́ ni kí wọ́n dà á sí. Omi tó dúró fún ọjọ́ púpọ̀ nínú oòrùn, tí òkú kòkòrò tàbí eku wà nínú rẹ̀, lè bí oró botulism, tó ń mú ọrùn ẹyẹ rọ títí kò fi ní lè gbé orí mọ́. Ọ̀pọ̀ gọ́tà Èkó nínú oòrùn Èrèlé àti Ẹrẹ́nà ló rí bẹ́ẹ̀.

Nínú oúnjẹ, aṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n máa fi búrẹ́dì àti ìrẹsì àjẹkù bọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n ń bọ́ ọ yó ni, wọn kò tọ́jú rẹ̀. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ tó ìdá 20 nínú 100 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Oúnjẹ ọmọ adìyẹ tí wọ́n ń tà nínú àpò lè ṣe é, bí wọ́n bá fi ohun kan kún un. Ohun náà ni niacin, ọ̀kan lára fítámì B. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò rẹ̀ ju ọmọ adìyẹ lọ, èyí tó wà nínú àgbàdo kì í sì í wúlò fún ara ẹyẹ. Ọmọ tí kò rí i tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀, yóò máa fi orúnkún rìn. Ẹja gbígbẹ lílọ̀ àti ẹ̀pà tó mọ́ ní niacin. Oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin kò yẹ ọmọ kékeré, nítorí kásíọ̀mù rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí kíndìnrín wọn lè gbé lọ; ìgbà tí abo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni ó tó kàn án. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìpín purotéènì lè wálẹ̀ sí ìdá 15 tàbí 16. Bí ó bá pọ̀ jù nígbà ìdàgbàsókè, ṣóńṣó ìyẹ́ apá lè yí síta, àgbà kì í sì í bọ́ nínú rẹ̀.

Ìyókù, ọgbà àti ilé ìdáná lè pèsè rẹ̀: ìtí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewé ẹ̀gúsí, èérí ọkà tó kù lẹ́yìn tí wọ́n sẹ́ ògì, àti ìbẹ́pẹ. Oúnjẹ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ kò dára, píà sì jẹ́ májèlé fún ẹyẹ. Pẹ́pẹ́yẹ fúnra rẹ̀ yóò máa wá ìgbín kéékèèké, ekòló, aáyán àti eṣinṣin. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, fi hàn pé olójú pupa dára púpọ̀ fún dídín eṣinṣin kù nínú ilé ẹran. Ó tún máa ń jẹ àwọn tín-ín-tín inú omi tó ń di ẹ̀fọn.

Ohun tó ń ba ni lẹ́rù jù nínú oúnjẹ ni àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sì kú pẹ̀lú wọn. Wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí wọ́n kó wá láti Bùràsíìlì, tí olú Aspergillus flavus ti hù lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ni oró yìí tètè ń pa jù nínú ẹyẹ ọ̀sìn, débi pé àwọn onímọ̀ ti lò wọ́n rí láti fi yẹ oúnjẹ wò. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi ní oṣù Òkúdù àti Agẹmọ. Àpò oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yóò bu láti ìdí wá, láìsí ẹni tó rí i lókè. Kí àpò wà lórí pákó, inú ike onídérí ló sì dára jù. Èyí tó bá ti ń rùn tàbí tó ti di mọ́ra, kí wọ́n dà á nù. Sísá a sóòrùn kò pa oró náà.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà lè jẹ́ ewu. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn ohun tó ń dán, ó sì ń gbé e mì lódindi: ìṣó, bóòtù kékeré, ìdérí ìgò, ẹ̀rún wáyà. Ní Múṣin, nítòsí Ládípọ̀ àti gbogbo ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́, iyẹ̀pẹ̀ kún fún nǹkan bẹ́ẹ̀. Irin ìṣó lè dá iwe lu, òjé inú bátìrì ọkọ̀ sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ẹyẹ tí òjé wọ̀ lára á máa gbẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ á di aláwọ̀ ewé, apá rẹ̀ á rọ. Kí wọ́n fa mágínẹ́ẹ̀tì alágbára gba gbogbo ilẹ̀ ọgbà kí ẹyẹ tó dé ibẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn òjò ńlá. Òjé kò ní bá a wá, nítorí náà ilẹ̀ tí wọ́n ti tú bátìrì sí rí, kí wọ́n má sin pẹ́pẹ́yẹ síbẹ̀. Ọ́ìlì ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì tó bá ta sí ìyẹ́ yóò pa òróró tirẹ̀ rẹ́, omi yóò sì máa wọ̀ ọ́ dé awọ.

Ọ̀tàpíàpíà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilé kejì lè fọ́n ọn kí aáyán rẹ̀ rìn wọ ọgbà yìí. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títà ìgò 100 mìlílítà oògùn dichlorvos ní ọjà gbangba, ṣùgbọ́n apakòkòrò kò tán nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn eku: eku tó jẹ ẹ́ á wá kú sí ìdí àgò. Kí alábàágbé mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀ ni ìdáàbòbò tó wà, pẹ̀lú títì wọ́n mọ́lé ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fín oògùn.

Pẹ́pẹ́yẹ kì í tètè ṣàìsàn bí adìyẹ. Lùkúlùkú tó ń gbá agbo adìyẹ lọ lè kọjá lára rẹ̀ láìfi àmì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni yóò máa tàn án kálẹ̀. Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀; ti pẹ́pẹ́yẹ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó máa ń pa àárẹ̀ mọ́ra títí yóò fi di ọjọ́ tí kò lè dìde. Ohun tí ojú olùtọ́jú gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìwà ojoojúmọ́ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan: èyí tó máa ń ṣáájú wá sídìí oúnjẹ tó wá dúró sẹ́yìn, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ kan falẹ̀, èyí tí kò wọ omi tuntun. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀, kí dókítà ẹranko wò ó. Oògùn adìyẹ tí aládùúgbò júwe kì í ṣe ohun tí a ń dà sómi pẹ́pẹ́yẹ, nítorí ìwọ̀n àti irú rẹ̀ lè má bá a mu.

Ọ̀fìnkìn ẹyẹ, H5N1, kò yẹ kó di ohun ìgbàgbé. Ní oṣù Èrèlé 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní oko adìyẹ kan ní Jájì, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2007, obìnrin ọmọ ọdún 22 kan kú ní Èkó, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà. Ní 2015 ó tún padà, Kánò àti Èkó ló sì ti kọ́kọ́ hàn. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé àrùn yìí kiri láìṣàìsàn. Nítorí náà, bí ẹyẹ méjì tàbí mẹ́ta bá kú lójijì, wọn kì í kun òkú rẹ̀, wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í jù ú sí gọ́tà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìlera ẹran ni kí wọ́n pè, àwọn ni wọ́n á fi ohun tó yẹ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò sí ibùdó ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti orílẹ̀-èdè tó wà ní Vom, nítòsí Jos, láti 1924. Ní ọjọ́ gbogbo, kí àwọn ọmọdé fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹyẹ, kí ẹyin rẹ̀ sì jinná dénú kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Abo olójú pupa á yé ẹyin 8 sí 16 kó tó sàba. Yóò fi ìyẹ́ àyà rẹ̀ tẹ́ ìtẹ́, kò sì ní kúrò lórí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lọ, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, láti jẹun, láti wẹ̀, kó sì padà pẹ̀lú ìyẹ́ tútù. Omi ara rẹ̀ yẹn ń ran ẹyin lọ́wọ́ kí awọ inú rẹ̀ má gbẹ. Ní bí ọjọ́ kẹwàá, bí wọ́n bá fi tọ́ọ̀ṣì tàn án lókùnkùn, ẹyin tó ní ọmọ yóò fi okùn ẹ̀jẹ̀ hàn. Èyí tó mọ́ gbáúgbáú kò ní nǹkan nínú. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ 35, sùúrù ló kù. Ẹni tó bá rò pé ẹyin ti bàjẹ́ ní ọjọ́ 30, nítorí pé ti adìyẹ kì í kọjá 21, ọmọ tó kù díẹ̀ kó jáde ló ń jù nù.

Ọmọ tí ìyá ń tọ́ kò nílò iná. Èyí tí kò ní ìyá nílò ooru tó tó 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí yóò máa dín ní nǹkan bí 3 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù iná lè ṣe é, ṣùgbọ́n níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, àtùpà tàbí ìkòkò èédú tí wọ́n bò nílò ibi tí èéfín yóò gbà jáde. Ọmọ tí ó bá ń kó jọ mọ́ra, òtútù ń mú un. Èyí tó sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù fún un. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní òróró ìyá lára, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú omi ìwẹ̀ láìsí ìṣọ́; igbá omi mímu rẹ̀ ni kí wọ́n to òkúta sí, kí ẹnu nìkan lè wọ ibẹ̀.

Láti oṣù mẹ́ta ni ìyàtọ̀ akọ àti abo á ti hàn gbangba lára ìwọ̀n àti ẹsẹ̀. Kí àwọn akọ tó lé lórí ọ̀kan tó pé oṣù méje, tí ìjà abo yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ti wá ibòmíràn fún wọn, yálà ọ̀dọ̀ ẹni tó ní abo tí kò ní akọ, tàbí ọjà. Èyí tó kù nílé lè wà láàyè fún ọdún 8 sí 12. Bó bá ti ń dàgbà, ẹyin á dín kù, fífò á dín kù. Ìgbà náà ni kí wọ́n rẹ igi tó ń bà lé sílẹ̀, kí wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù kejì kún ti ìdí bàsíà, kó lè rọrùn fún un láti gòkè sínú omi.